Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ́ràn Jù

Abúlé Ìdí-Àgbọn,
Ẹ̀yìn Free Zone,
Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Olúwafúnminíyì ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé ní Jákàńdè, mo kí àwọn tó wà lókè rẹ àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ, nítorí èèyàn tó bá ń sùn sórí àjà ẹlòmíràn, ó yẹ kó máa kí onítọ̀hún dáadáa. Mo gbà á ládùúrà kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle, kó bá ọ lọ́jọ́ tí inú ọ̀gá rẹ ní Oníru dùn, kí iná má sì lọ nígbà tí o bá ń kà á lọ́wọ́. Àwa náà wà dáadáa, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bí, akọ kan, abo kan, òjò sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Free Zone tún la títì mìíràn gba ẹ̀yìn oko àgbọn wa kọjá, ẹrẹ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí sùtánà wa funfun mọ́ kí a tó dé ilé ìjọsìn, àmọ́ Ọlọ́run mọ̀ pé funfun ni a wọ̀ jáde nílé.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti ra fóònù fún wa. Fóònù náà dára, mi ò ní kó má dára. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá tí káàdì tí mo rà wọ inú rẹ̀ tí kò jáde mọ́, Ògúnbọ̀dé ayálégbé wa bá mi pe àwọn tó ni nẹ́tíwọ̀kì, obìnrin kan sì dá mi lóhùn ní Yorùbá tó mọ́ gaara, ó ní kí n mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo bá sọ ni àwọn máa gbà sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tètè sọ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ni n kì í ti í sọ ju ẹ kú àárọ̀ lọ lórí fóònù, nítorí mi ò mọ ibi tí wọ́n ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn sí, mi ò sì mọ ẹni tó ń jókòó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí o bi mí léèrè ìyá rẹ, mo ní ojú ọjọ́ dára. Má bínú. Màríàm tó ń kó àgbọn lọ sí ọjà Jákàńdè ni yóò mú èyí wá fún ọ, òun kò mọ̀wé kà, ọ̀rọ̀ wa wà láàbò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O rántí pé ọjọ́ tí dókítà ojú ní Ajah kọ́kọ́ dá fún wa, a ò yọjú. O bínú gan-an, o ní ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ ló ń ba ìyá rẹ lẹ́rù, síbẹ̀ o lọ bẹ dókítà títí ó fi tún dá Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, o sì ní bí a bá tún pa èyí jẹ, yóò pẹ́ gan-an kó tó tún kàn wá, ojú náà kò sì ní dúró dè wá. Òótọ́ ni o sọ. Ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ti òsì ló fi ń dá èmi mọ̀ yàtọ̀ sí òpó ilé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀bẹ ni ìyá rẹ ń bẹ̀rù. Ẹni tó ti ń fi àdá la àgbọn láti kékeré, irú ọ̀bẹ wo ni yóò bà á lẹ́rù. Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí o fún wa yẹn ni.

Kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí o gbé ọkọ̀ náà wá, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. O mọ̀ pé èmi náà wa lọ́rì, mo kó àgbọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ títí lọ́rì náà fi kú sí mi lọ́wọ́, nítorí náà ọkọ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Àmọ́ nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, ibi méjì péré ni mo rí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, wọ́n ti yọ kílọ́ọ̀ṣì kúrò. Mi ò sọ ọ́ lójú rẹ, kí o má baà rò pé mò ń wá àléébù sí ẹ̀bùn. Mo rò ó pé ẹni tó lò ó ṣáájú rẹ ló tú u tà. Ẹsẹ̀ òsì mi wá di aláìníṣẹ́, ó kàn ń jókòó síbẹ̀ bí àlejò. O kọ́ mi ní lẹ́tà ara gíà, o ní P ni kí ọkọ̀ fi dúró, R ni kó fi padà sẹ́yìn, N ni kó má ṣe nǹkan kan, D ni kó fi máa lọ, o sì kìlọ̀ pé kí n máa dá a padà sí P kí n tó yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí o ti lọ ni Wòlíì wa, Wòlíì Ọláníyan, wá wò ó. Ó ní ọkọ̀ tó ti Èkó wá, kò sí ẹni tó mọ irú èèyàn tó ti jókòó sínú rẹ̀ rí, ó ní kí a yà á sí mímọ́. Mo gbà. Ìjọ tiwa kì í ṣe ìjọ tó ń wọ́n omi bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, garawa ni a fi ń ṣe é, omi òkun ni a sì ń pọn. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní bí a bá dà á sórí páànù lásán, ṣe ni yóò máa ṣàn lọ, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ kò sì ní rí nínú ìbùkún. Wòlíì ní òun kò ronú kan ìyẹn rí, ó ní orí mi pé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú, omi òkun nínú garawa, lọ́fíńdà díẹ̀ lé e, àbẹ́là kan ní ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Ìyá rẹ ní kí a rọra, ó ní ìkòkò irin òun tó wà ní ilé ìdáná pàápàá, omi iyọ̀ ló bà á jẹ́. Mo ní ìkòkò kì í ṣe ọkọ̀.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwà. Mo fi í sí P, mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn. Iná ń tàn, hóònù ń ké, rédíò ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Mo mi gíà lọ, mo mi í bọ̀, ó dáhùn ní N. Nígbà tó ṣe, kò dáhùn ní N náà mọ́. Wòlíì ní ẹ̀mí kan ti jókòó sórí gíà, kò fẹ́ kí ìyá rẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà. A wá fi omi kún omi. A gbààwẹ̀, a kọrin, a gbé garawa kejì, mo sì rí i dájú pé omi náà dé ìsàlẹ̀ ibi tí gíà wà gan-an. Àṣàkẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ tí a túnu ààwẹ̀ náà, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn. Mo wo gíà, D ló wà. Mo gbé e sí R, ó dáhùn. Mo gbé e sí P àti N, ó dáhùn. Kò sí lẹ́tà tí mo gbé e sí tí kò dáhùn.

Mo jó. Ní Ọjọ́ Àìkú, mo dìde jẹ́rìí níwájú ìjọ, mo ní ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ń yan ìgbà tó bá wù ú kó tó dáhùn, ti èmi Mákánjúọlá ń gbọ́ràn nígbà gbogbo, ibi yòówù kí n fi gíà sí. Wọ́n bá mi kọrin. Láti ìgbà náà ni mi ò ti da ara mi láàmú pẹ̀lú P mọ́, orí D ni mo máa ń fi í sílẹ̀, nítorí bí a bá padà dé, iwájú náà ni a ó tún máa lọ. Kọ́kọ́rọ́ pàápàá n kì í yọ ọ́, ta ni yóò jí ọkọ̀ gbé ní Ìdí-Àgbọn.

Báyìí ni ọjọ́ dókítà pé, èyí tí a kò wá yẹn. Ìyá rẹ ti múra tán, ó ti wé gèlè, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ níwájú ilé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èèpo àgbọn, níbi tó máa ń jókòó sí láti fi ojú gba oòrùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, mi ò tíì jókòó dáadáa, ẹsẹ̀ òsì tí kò níṣẹ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo na ọwọ́ mo yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè máa gbóná. Ọkọ̀ dáhùn, ó sì ń lọ. Mi ò rí bíréékì tẹ̀. Ìyá rẹ kò rí i pé ó ń bọ̀. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi nìyẹn, pé kò tilẹ̀ dìde, ó kọjú sí ibi tí ariwo ti ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé mò ń bọ̀ wá gbé òun ni.

Èèpo àgbọn ló gbà wá. Ọkọ̀ kọ́kọ́ wọ inú òkìtì náà, òkìtì ya lu ìyá rẹ, ó tì í ṣubú kúrò lórí àpótí, ọkọ̀ sì gun àpótí náà, ó fọ́ ọ, ó wá dákẹ́ síbẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ló bó. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri, ó ní ta ló wá, ta ló wọ́ nǹkan wọ agbo ilé wa báyìí. Mo ní ọkọ̀ wa ni. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé òun lọ síbì kankan mọ́.

Kò bínú sí mi o, ìbá sàn kó bínú. Ó ń se oúnjẹ, ó ń kí mi kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kọjá lára ọkọ̀, yóò fi ọwọ́ tọ ògiri, yóò sì lọ yí ká jìnnà. Mo ní ká wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó kọ̀. Mo ní ká wọ bọ́ọ̀sì, ó kọ̀. O ní kí a jẹ́ kí o rán irú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè sí wa, mo jíṣẹ́ fún un, ó bi mí pé ta ló mọ bàbá ẹni tó ń wà á. Ó ní èyí tí a gbàdúrà sí lórí fún oṣù mélòó kan ló ṣe báyìí, kí wá ni èyí tó ti inú fóònù jáde yóò ṣe. Mo kàn ń wò ó bó ṣe ń gbé ojú súnmọ́ ìrẹsì láti ṣa òkúta, tó sì ń fi òkúta sílẹ̀ tó ń ṣa ìrẹsì dànù. Inú mi bàjẹ́, Àṣàkẹ́, mi ò lè tàn ọ́.

Ògúnbọ̀dé ló wá sọ fún ọ lórí fóònù pé gíà ń ṣe ségesège. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, iṣẹ́ iná ilé ló ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé ní Free Zone, òun kò sì bẹ̀rù pé kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀. O sọ fún un pé súìsì gíà ni, pé ẹ̀gbẹ́ ara gíà tó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà, nísàlẹ̀ bátìrì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó má jẹ́ kí ọkọ̀ jí bí gíà kò bá sí ní P tàbí N. O rà á ní Ajah, o fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Nígbà tí mo tú u nínú ọ̀rá, ó yà mí lẹ́nu, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ihò wà láàárín rẹ̀. Mo bi Ògúnbọ̀dé bóyá wọ́n ti jí ìyókù ní ojú ọ̀nà.

Òyìnbó tí o rán sínú fóònù Ògúnbọ̀dé náà dé. Èèyàn dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ mọ́ ju inú ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. A kí i, kò dáhùn, ojú iṣẹ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ó ń yára jù. Mo ní kí Ògúnbọ̀dé bá wa bẹ̀ ẹ́ kó fara balẹ̀, Ògúnbọ̀dé fi ìka tẹ̀ ẹ́ lójú, ó sì dúró lóòótọ́, ó la ẹnu sílẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, bẹ́ẹ̀ ló wà ní gbogbo ìgbà tí a fi ń wá sípánà kékeré káàkiri ilé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ọwọ́ yóò máa dun ún. Ìyá rẹ láti inú yàrá ní ṣé wọ́n ti fún un lóúnjẹ.

A gbé òkúta sí iwájú táyà, a gbé sí ẹ̀yìn rẹ̀, a fa bíréékì ọwọ́, a fi gíà sí N gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ti ṣe. Orí bátìrì tó dúdú ni Ògúnbọ̀dé kọ́kọ́ tú kí iná má baà gbé e, ó gbé bátìrì kúrò, ó gbé àwo tó jókòó lé kúrò, ibẹ̀ ni súìsì wà. Ó tú nọ́ọ̀tì kan àti bóòtì méjì, ó fà á yọ, ó gbé e sí imú. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe nǹkan oníná, òun kò tíì rí súìsì tó ń ta sánsán lọ́fíńdà. Mo ní òórùn dáadáa ni. Ó yọ ẹnu wáyà tó wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà, iyọ̀ ti gbẹ sí i lára bí ẹja tí wọ́n sá, àbẹ́là sì yọ́ lé e. Ó bi mí pé báwo ni iyọ̀ ṣe dé inú ẹ́ńjìnnì. Mo ní ẹ̀bá òkun ni a ń gbé, afẹ́fẹ́ wa ní iyọ̀ nínú. Irọ́ kọ́, ẹ̀bá òkun ni a ń gbé. Ó wo garawa, èmi náà wo ojú ọ̀run.

Ó fi tuntun sí i, ó mú ìlà ara rẹ̀ bá ara wọn mu bí òyìnbó ṣe mú un, ó dì í, ó dá gbogbo nǹkan padà. A ń kí ara wa kú iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé bóòtì kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. A wo ọwọ́ òyìnbó, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mo ní bóyá kí a fi pamọ́ fún ọjọ́ mìíràn, Ògúnbọ̀dé kọ̀, ó dá òyìnbó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, òyìnbó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láìráhùn. Àwo bátìrì ló ni bóòtì náà. Bí mo bá jẹ́ òyìnbó yẹn, mi ò ní dákẹ́.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo fi gíà sí P, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn kíá. Mo pa á, mo gbé e sí N, ó dáhùn. Mo ní ògo ni fún Ọlọ́run. Mo tún pa á, mo gbé e sí D, mo yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́kẹ́ pa. Mo gbé e sí R, kò sọ nǹkan kan. Mo ní wọ́n ti lu ọ ní jìbìtì ní Ajah, èyí tó bàjẹ́ ni wọ́n tà fún ọ. Mo pè ọ́, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo ní ojú ọjọ́ kò dára lónìí, o sì mọ̀ pé nǹkan ń bẹ, o ní kí n gbé fóònù fún Ògúnbọ̀dé. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ láti ibi tí mo dúró sí. O ní kó sọ fún mi pé kíkọ̀ tó kọ̀ yẹn gan-an ni o sanwó fún. O ní ọkọ̀ náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá.

Mo lọ jókòó sábẹ́ àgbọn, mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Mo ti dìde níwájú ìjọ, mo ti jẹ́rìí pé ọkọ̀ mi ń gbọ́ràn, àwọn èèyàn sì ti bá mi jó, mi ò mọ̀ pé ìgbọràn náà ló fẹ́ sọ mí di opó ọkùnrin. Ti omi, mo ti gbọ́ ohun tí o ní kí Ògúnbọ̀dé sọ fún mi, pé kí a má da omi iyọ̀ sí ẹ́ńjìnnì mọ́. Mo bá Wòlíì sọ ọ́, kò bínú, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ara táyà ni a ó máa wọ́n ọn sí, ó ṣe tán táyà ló ń fara kan ọ̀nà. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí bóyá ohun tó mú ọkọ̀ náà ló mú jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé a ti ń yà á sí mímọ́ tipẹ́. Mo ní mi ò mọ̀.

Lónìí tí a dé láti ilé ìsìn, sùtánà ṣì wà lọ́rùn mi, mo bọ́ sí iwájú ìyá rẹ, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó ní ṣé tí wọ́n bá fi í sí ibi tó wà lọ́jọ́ yẹn, kò ní jí. Mo ní kò ní jí. Ó ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó síbi dírẹ́bà, ibi tí kò jókòó sí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó ní kí n gbé ọwọ́ òun lé gíà. Mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé bíréékì, mo kọ́ ọ, ó ń fi ìka gbọ́ bó ṣe ń ró kọ́, kọ́ láti orí lẹ́tà kan bọ́ sí èkejì, kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Ó wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréékì. Ó ní ó yá, kí n lọ dúró síbi tí òun jókòó sí lọ́jọ́ yẹn.

Ògúnbọ̀dé ní rárá o, Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé àgbá síbẹ̀. Ìyá rẹ ní àgbá kọ́ ló sọ pé ọkọ̀ ti dára. Ògúnbọ̀dé fẹ́ gbé òkúta síwájú táyà, ìyá rẹ gbọ́ ìró rẹ̀, ó ní kó gbé e kúrò. Mo lọ. A ti kó èèpo àgbọn náà jọ padà, orí rẹ̀ ni mo dúró sí, o sì mọ̀ pé ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, èèpo gbígbẹ ń gún mi lẹ́sẹ̀. Àṣàkẹ́, ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ tí o ti gbé ọkọ̀ yẹn wá, mi ò kọjú sí iwájú rẹ̀ báyìí rí, ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fẹ́ gbàdúrà sókè, mo rò ó pé yóò dà bíi pé mo tún ń wá garawa, mo bá pa ẹnu mọ́. Mo gbọ́ tí gíà ń bọ́ láti ibì kan sí ibì kan, títí dé D. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò dún. Ó tún un yí, ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú síbẹ̀. Kò dún. Ó fà á sí R, kò dún. Òun fúnra rẹ̀ dá a padà sí P, ó yí i, ọkọ̀ jí, ó dúró sójú kan, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Ó pa á. Ó yọ orí jáde, ó ní aago mélòó ni a máa kúrò nílé ní Ọjọ́bọ̀.

Nítorí náà, à ń bọ̀. Lọ sọ fún dókítà kó má fún ẹlòmíràn ní àyè wa. Dákun, má rán obìnrin tó ń júwe ọ̀nà nínú fóònù sí mi, mo ti mọ ọ̀nà Ajah kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i. Fi owó epo ránṣẹ́ díẹ̀, kí o sì fi ti àpótí ìjókòó tuntun kún un, ìyá rẹ ń jókòó sórí garawa báyìí, a sì ní garawa tó pọ̀ tí kò níṣẹ́ mọ́. Ra sípánà tó pé fún Ògúnbọ̀dé, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Bá wa kí òyìnbó yẹn, bó bá ní àkáǹtì ní báńkì, fi nǹkan sí i fún un, ó ṣiṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí ìyá rẹ fi ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á. Ó rẹ́rìn-ín níbi ti òyìnbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní kọ́kọ́rọ́ kò dún, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, kí n pa á rẹ́. Ó ní òun kò fetí sí ọkọ̀ rárá, kí ni òun mọ̀ nípa ọkọ̀. Ó ní èèpo àgbọn abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni òun ń gbọ́. Ó ní bí mo bá gbé ẹsẹ̀ pẹ́nrẹ́n, yóò dún, òun kò sì ní lọ. Ó ní kò dún.

Mi ò pa á rẹ́, mo kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ kí o lè ní méjèèjì lọ́wọ́. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ, yóò jẹ́ kí ìyá rẹ fi ojú ara rẹ̀ wò ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, yóò sì fún ìwọ náà ní ẹni tí kò ní yẹsẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mákánjúọlá.